Agbárí Ọ̀bọ àti Orí Ọmọ Mi

Nígbà tí mo lóyún ọmọ mi kan ṣoṣo, agbárí ọ̀bọ méjìdínlógójì ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Inú páálí bisikíìtì ni wọ́n wà. Mo fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì lẹ ìwé pélébé tí mo kọ nọ́ńbà sí mọ́ wọn lára. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni ilé tí à ń gbé, ní òpópó kan tó yà kúrò lójú títì Àgọ́ Palace, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táìlì. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù kúrò nínú ọkọ̀ òfuurufú, lẹ́bàá Àjàó Estate, ó sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa nìkan ni tọkọtaya tó ń sùn lórí itẹ́ òkú ní gbogbo Èkó. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn àwọn agbárí yẹn. Mi ò lè sọ ìyókù ọ̀rọ̀ yìí láìkọ́kọ́ sọ ìyẹn.

Olùkọ́ mi ní yunifásítì ló ni wọ́n. Àgbàlagbà ni, wọ́n sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gba agbárí lọ́wọ́ àwọn ọdẹ káàkiri igbó ilẹ̀ Yorùbá: àáyá, ìjímèrè, ẹdun, àti ìnàkí kan tí ẹnu rẹ̀ gùn síwájú bíi ti ajá. Èéfín ṣì wà lára àwọn kan, nítorí ẹran yíyan ni wọ́n kí wọ́n tó di ẹ̀kọ́. Yàrá tí olùkọ́ mi kó wọn sí ń jò, ikán sì ti ń jẹ páálí, ni mo bá bẹ̀bẹ̀ pé kí n máa kó wọn lọ sílé díẹ̀díẹ̀. Lára ohun tí mo kó ni ẹ̀dà agbárí àwọn ọ̀bọ àtijọ́ wà, àwọn tí wọ́n hú jáde láti inú àpáta ní Kenya àti ní Íjíbítì, tí wọ́n ti kú láti àìmọye mílíọ̀nù ọdún, tí eegun wọn ti di òkúta. Pí-o-pí ni wọ́n fi ṣe ẹ̀dà náà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé. Bí mo bá gbé e lọ́wọ́, funfun rẹ̀ á kù sí mi láṣọ.

Ohun tí mò ń wá kò ṣòro láti ṣàlàyé. Mo fẹ́ mọ bí orí ọ̀bọ ṣe di ohun tó dà lónìí. Láàárín ọ̀bọ inú àpáta yẹn àti àáyá tó ń fò lórí igi lónìí, èwo ló kọ́kọ́ yí padà: ṣé ọpọlọ tó wà nínú ni, àbí eegun tó wà lóde? Ọpọlọ kì í pẹ́ lẹ́yìn ikú, nítorí náà àyè tó fi sílẹ̀ ni mo máa ń wọ̀n. N ó da ọkà bàbà sínú agbárí láti ihò ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀pá ẹ̀yìn ti wọ inú orí, n ó mì í títí á fi kún, n ó wá dà á sínú ife oníwọ̀n. Iye tí ọkà bá jẹ́, iye tí ọpọlọ jẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ obìnrin kan ní ọjà Ìsọlọ̀ ni mo ti ń ra ọkà náà. Ó rò pé adìyẹ ni mò ń sìn, ó sì máa ń bi mí bóyá wọ́n ti ń yé ẹyin.

Ọ̀kan wà nínú àwọn ọ̀bọ àtijọ́ yẹn tó gbà mí lọ́kàn. Ọpọlọ rẹ̀ kò ju àgbálùmọ̀ kékeré lọ. Ó kéré sí ti ọ̀bọ òde òní tí títóbi ara wọn jọra. Ṣùgbọ́n àwọn tó fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú agbárí náà rí i pé ọpọlọ ọ̀hún ti tẹ àmì ara rẹ̀ sí eegun, gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀. Ó ti ká kó tó tóbi. Nígbà tí olùkọ́ mi fi àwòrán náà hàn mí lórí kọ̀ǹpútà, omi bọ́ lójú mi, wọ́n sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ojú má baà tì mí. Ẹranko tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ láyé, òun náà ló fi ọpọlọ rẹ̀ kọ̀wé sára ògiri.

Orí kẹrin ìwé tí mò ń kọ láti fi gba oyè dókítà ní yunifásítì dá lórí àwọn ọmọ ọ̀bọ. Agbárí ọmọ ọ̀bọ, bíi ti ọmọ ènìyàn, kì í ṣe eegun kan ṣoṣo. Awẹ́ awẹ́ ni, ojú ìránpọ̀ tí kò tíì dì sì wà láàárín awẹ́ kan àti èkejì. Bí ọpọlọ bá ti ń dàgbà nínú, á máa ti àwọn awẹ́ náà, eegun á sì máa yà fún un. Bí ojú ìránpọ̀ kan bá dì kó tó àsìkò, ọpọlọ kò ní dúró dè é. Ibi tó bá ṣì ṣí sílẹ̀ ló máa gbà, orí náà á sì gùn tàbí kó fẹ̀ sí ọ̀nà ibẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ gbogbo èyí. Mo tún kọ ọ́ pé ẹni tó bá kàn fi okùn wọn orí yíká lè má rí nǹkan kan, nítorí pé orí tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lè ní ìwọ̀n yíká kan náà pẹ̀lú orí tó rí roboto.

Màmá mi ń gbé ní Ìsọlọ̀, nínú ilé tí wọ́n ti háyà láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Ọmọ abúlé kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Iléeṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí iléeṣẹ́ náà fi kógbá sílé, lẹ́yìn ìyẹn ló di pé ọmọ tuntun ni wọ́n ń wẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé pátákó rẹ̀ síta. Bí obìnrin kan bá bímọ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní òpópó, tí ìyá tirẹ̀ kò sí nítòsí, yóò ránṣẹ́ sí màmá mi. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òrí tẹ orí rẹ̀ títí á fi dára lójú wọn. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ yẹn ti ń lọ sí yunifásítì. Orí tó ti gba abẹ́ ọwọ́ màmá mi kọjá pọ̀ ju gbogbo agbárí tí mo kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ.

Oyún mi ti tó oṣù márùn-ún nígbà tí wọ́n wá kí mi lọ́sàn-án Sátidé kan, tí wọ́n bá mi nídìí tábìlì pẹ̀lú agbárí ẹdun mẹ́ta àti abọ́ ọkà kan. Wọn ò jókòó. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì gbé báàgì wọn mọ́ àyà.

Wọ́n ní, "Aláboyún kì í wo ọ̀bọ. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún ẹ láti kékeré."

Mo dá wọn lóhùn pé òkú ni àwọn wọ̀nyí, wọn ò ní ojú tí wọ́n máa fi wò mí. Wọ́n ní ìyẹn ló tún wá burú jù. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n kó wọn padà títí n ó fi bí, pé oṣù mẹ́rin péré ló kù. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún wọn bí ẹni ń kọ́ ọmọ iléèwé: bí ọmọ ṣe ń gba ìrísí rẹ̀ lára bàbá àti ìyá, bí ohun tí ìyá fi ojú rí kò ṣe lè ti ojú wọ inú oyún. Òyìnbó pọ̀ nínú ohun tí mo sọ. Mo rí i tí wọ́n ń wo ẹnu mi, mo mọ̀ pé ìdajì rẹ̀ kò yé wọn, síbẹ̀ mi ò dákẹ́. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní àwọn á máa gbàdúrà, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ lọ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá padà sí Ìsọlọ̀. Òtítọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ fún wọn. Òtítọ́ ni títí di òní.

Obìnrin ni mo bí. Orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ní ọ̀nà ìbí ló fún un, pé ó máa ń padà bọ̀ sípò. Bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Màmá mi kó aṣọ wọn wá sọ́dọ̀ wa, wọ́n ń wẹ ọmọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nínú bálùwẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo wà ní pálọ̀, mò ń mu ẹ̀kọ, nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé mi ò gbọ́ ìró omi mọ́. Mo yọjú wò wọ́n. Ọmọ wà lórí itan wọn, ọwọ́ ọ̀tún wọn sì dúró sí àtàrí rẹ̀, kò lọ, kò bọ̀.

Wọ́n ní, "Mi ò rí àwùjẹ̀ ọmọ yìí mọ́."

Wọ́n ní kí n wá fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní níbi tó yẹ kó rọ̀, tó yẹ kó máa lọ sókè sódò bí ọmọ bá ń mí, eegun ni àwọn ń bá níbẹ̀, eegun tó yọ bí ebè láti iwájú lọ sí ìpàkọ́. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń wẹ ọmọ, àwọn ò tíì bá irú rẹ̀ pàdé rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbójú sókè wò mí.

"Àwọn ọ̀bọ yẹn ni," wọ́n ní.

Mo ti ro ọjọ́ náà títí, mo ti yí i síwá sẹ́yìn. Ká ní wọ́n dúró lórí ọ̀rọ̀ ebè yẹn, bóyá ǹ bá dìde. Ìka wọn ti rí ohun tó wà níbẹ̀, ó rí i dáadáa, kí ọmọ tó pé oṣù kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀bọ nìkan ni etí mi gbà. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún bẹ̀rẹ̀," mo sì padà sídìí ẹ̀kọ mi. Mi ò fọwọ́ kan orí ọmọ mi lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ orí ọmọ ti di ìjà láàárín àwa méjèèjì, ìjà tí kò ní ariwo. Bí orí náà ti ń gùn sẹ́yìn ni màmá mi ń gbé omi àdúrà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń fi pa á níwájú orí. Bí wọ́n ti ń pa á ni ọkàn mi ń le sí i. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì á gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n á wo ìpàkọ́ rẹ̀, wọ́n á sì wo ojú mi. Mo mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́ nípa páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ra fìlà olówùú mẹ́fà fún ọmọ náà. Mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé òtútù ni mi ò fẹ́ kó mú un, nínú ooru Èkó.

Bí mo bá gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n á fi okùn wọn orí rẹ̀ yíká, wọ́n á kọ ọ́ sínú káàdì, ìwọ̀n náà á sì bọ́ sáàárín ìlà tó yẹ kó bọ́ sí. Mo máa ń mú káàdì yẹn wálé bí ẹni gba ìwé ẹ̀rí. Mo fi han ọkọ mi. Mo fi han màmá mi, mo sì ka nọ́ńbà ibẹ̀ sí wọn létí. Èmi kan náà tí mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ìwọ̀n yíká lè tan ènìyàn jẹ, òun ni mo gbá mú.

Ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí ọmọ náà lé ní oṣù mẹ́wàá, ọkọ mi gbé e sáyà lórí ẹní, ó ń fi ọwọ́ ra á ní orí. Ó rọra sọ pé ṣé a ò wá ní gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá báyìí, ó kéré tán kí ẹnu màmá lè dákẹ́. Kò sọ ọ́ bí ẹni ń jà. Mo wà nídìí tábìlì. Mo bi í pé, "Ta ló mọ̀ nípa orí jù mí lọ nínú ilé yìí?"

Ó wò mí, ó ní, "Kò sí." Kò kàwé kọjá sẹ́kọ́ńdìrì. Ó máa ń sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ pé ìyàwó òun máa di dókítà ìwé. Ohun tí mo bá sọ ni òtítọ́ lójú rẹ̀, ìyẹn ni kò fi sọ̀rọ̀ náà mọ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà lọ tí ọmọ sùn lọ́sàn-án lórí àga pálọ̀, tí fìlà rẹ̀ bọ́. Irin ẹlẹ́nu méjì tí mo fi ń wọn agbárí wà lọ́wọ́ mi. Mo dìde, mo ya ẹnu irin náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ìwọ̀n méjì ló kù: ìbú, lẹ́yìn náà gígùn. Èmi náà mọ ohun tí nọ́ńbà méjèèjì máa sọ. Mo dúró níbẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí. Mo wá sọ fún ara mi pé kò dára kí irin tó ti kan òkú ẹranko kan ara ọmọ, mo sì pa irin dé. Nǹkan tí màmá mi ìbá sọ gan-an ni mo sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, nítorí pé ó bá mi lára mu.

Ọmọ náà rìn, ó sọ̀rọ̀, ó kọrin. Ó mọ orúkọ gbogbo èèyàn òpópó wa. Èyí pẹ̀lú mo fi ń dá ara mi láre. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀ sí bì láàárọ̀, tí á sì di orí mú. A rò pé ibà ni, a lo oògùn ibà. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí forí gbá férémù ilẹ̀kùn. Bí a bá já búrẹ́dì sílẹ̀ níwájú rẹ̀, á máa fi ọwọ́ wá a kiri. Á gbé ìwé alàwòrán súnmọ́ imú bí ẹni fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Gbogbo èyí kò ju oṣù díẹ̀ lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń wọṣọ fún un lójú fèrèsé. Oòrùn ti yọ, ó mọ́lẹ̀ kedere sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń rí eruku tó ń fò nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Ó gbójú sókè sí mi.

Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ti mú iná lọ."

Ọmọ Èkó ni. Bí òkùnkùn bá ṣú, ohun tó mọ̀ nìyẹn. Mo bi í léèrè ibi tí fèrèsé wà, ó sì na ọwọ́ sí ìhà ibi tó ti mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n kò yíjú síbẹ̀. Mo gbé e bó ṣe wà, láìwọ bàtà fún un, mo sì pe ọkọ mi níbi iṣẹ́. Mo pe màmá mi pẹ̀lú. Mi ò mọ ìdí tí mo fi pè wọ́n. Bóyá mo fẹ́ kí ẹnì kan tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀.

Dókítà tó gbà wá ní ilé ìwòsàn ńlá náà jẹ́ obìnrin tí kò jù mí lọ. Ó tan iná sí ojú ọmọ, ó wo ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀ kíákíá. Nígbà tí àwòrán náà dé, ó gbé e sórí gíláàsì oníná lára ògiri. Mo kà á kó tó la ẹnu. Ojú ìránpọ̀ kankan kò ṣí sílẹ̀ mọ́. Àmì sì kún gbogbo inú agbárí náà, bí ibi tí wọ́n fi ìka tẹ amọ̀ sí, níbi tí ọpọlọ ti ń ti ògiri tí kò yà fún un, ọjọ́ dé ọjọ́, fún odidi ọdún mẹ́ta. Irú àmì yẹn ni mo ti ń wá nínú òkúta. Mo ti sunkún ayọ̀ nítorí rẹ̀ rí.

"Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i pé orí rẹ̀ rí báyìí?" ni dókítà bi mí.

Mo ní mi ò lè sọ ní pàtó.

"Ọ̀sẹ̀ kẹta," ni màmá mi wí láti ẹ̀yìn mi. Kò sí ẹ̀sùn nínú ohùn wọn. Wọ́n gbọ́ ìbéèrè, wọ́n sì dáhùn.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn, kó tó pé ọdún kan, ohun wà tí àwọn máa ń lè ṣe. Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo sì ní olùkọ́ ni mí ní iléèwé kan ní Ìsọlọ̀, mò ń kọ́ wọn ní báyọ́lọ́jì. Òtítọ́ ni ìyẹn náà, ara iṣẹ́ mi ni. Ọkọ mi yíjú wò mí, ó sì gbé ojú rẹ̀ kúrò.

Wọ́n la orí rẹ̀. Wọ́n gé eegun náà sí awẹ́ awẹ́, wọ́n tún un tò, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ọpọlọ. Àwa mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ńṣì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Orí fífọ́ dáwọ́ dúró, èébì dáwọ́ dúró, ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí jẹun, ó sì ń pè wá bó bá ti gbọ́ ìrìn wa. Ojú rẹ̀ ni kò padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà pè wá jókòó, ó sì sọ fún wa pé iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ ti kú, kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi jí i.

Mo kó agbárí gbogbo padà fún olùkọ́ mi. Wọ́n ti ka orí kẹrin, wọ́n ní òun ló dára jù nínú ìwé náà, pé kí n yára parí ìyókù. Mo sọ fún wọn pé mi ò ṣe mọ́, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n mú un dání fún ìgbà pípẹ́. Mo ti gbé ọmọ náà dé ọ́fíìsì wọn lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó ń kọ́ ìrìn.

Wọ́n ní, "Mo rí i lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé ìwọ lo máa kọ́kọ́ mọ̀."

Mi ò bínú sí wọn. Ohun tí ọkọ mi náà rò nìyẹn. Ohun tí gbogbo èèyàn rò ni.

Ọkọ mi kò fi mí sílẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ burúkú kan sí mi rí. Ṣùgbọ́n kò tún bi mí ní ohunkóhun mọ́. Bí ikọ́ bá ń yọ ọmọ lẹ́nu, á sọ̀kalẹ̀ lọ bi onílé oògùn ìsàlẹ̀. Bí ẹran inú fíríìjì bá ń rùn díẹ̀, á gbé e lọ han aládùúgbò pé ṣé ó ti bàjẹ́. Mo máa ń jókòó síbẹ̀, n ó sì máa gbọ́ tí ó ń bi wọ́n.

Màmá mi ló le jù fún mi. Mo ti múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí wọ́n máa sọ pé àwọn kìlọ̀ fún mi. Ọjọ́ náà kò dé. Ohun tí wọ́n ń sọ kò yí padà: àwọn ọ̀bọ yẹn ni. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń sọ ọ́ fún àwọn ẹbí wa ní Ìjẹ̀bú. Ní ọdún tó kọjá, mo bá wọn jókòó sínú ilé wọn ní Ìsọlọ̀, a ń ṣa ẹ̀wà, ọ̀rọ̀ náà sì tún yọ. Ara mi kò gbà á mọ́.

Mo ní, "Mọ́mì, kì í ṣe ọ̀bọ. Èmi ni. Ẹ ní kí n wá fọwọ́ kàn án, mi ò wá."

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ṣa òkúta kan jáde, wọ́n jù ú sílẹ̀.

"Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́," wọ́n ní. "Ọ̀bọ ló ṣe é. Jẹ́ kó jẹ́ ọ̀bọ."

Ìgbà náà ló tó yé mi pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀. Wọ́n ń fi ọ̀bọ bò mí ni, lójú àwọn èèyàn, bóyá lójú Ọlọ́run pàápàá. A ṣa ẹ̀wà náà tán.

Ọmọ mi ti pé ọdún méje. Ó ń lọ sí iléèwé àwọn afọ́jú, ó ń fi ìka kàwé, àwọn olùkọ́ rẹ̀ sì ní ó yára. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn, ó máa ń sọ ohun tó ti rí rí fún mi: géètì wa aláwọ̀ ewé, bàbá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìkóríta, aṣọ kan tí mo máa ń wọ̀. Mo máa ń bi í nípa wọn kí wọ́n má baà sọnù. Géètì ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà bàbá ọlọ́gẹ̀dẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, mo ń di irun rẹ̀, mò ń yẹra fún ojú àpá tó gba orí rẹ̀ kọjá láti etí dé etí, ni mo bá bi í pé àwọ̀ wo ni aṣọ mi yẹn. Ó ronú títí.

Ó ní, "Mi ò rántí mọ́. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

Mo sọ fún un pé pupa ni. Ó bi mí pé báwo ni pupa ṣe rí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Mo ní ó dà bí ata, ó ní ata ń ta ni. Mo ní ó dà bí iná, ó ní ṣé ó gbóná ni. Mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan tó bá a mu. Ó ní kò burú, kí n má ṣe ìyọnu, kí n parí irun òun kí ọkọ̀ iléèwé tó dé.